Irun Inú Ẹ̀dọ̀fóró Ìyá Oníṣíbí

Agbálẹ̀ ilé-ìwòsàn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu géètì, níbi tó ti ń da ìdọ̀tí nù. Ó ní irun ti hù nínú ẹ̀dọ̀fóró Ìyá Oníṣíbí. Ó ní òun ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni o, ojú òun báyìí lòun fi rí i nínú fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sójú fèrèsé yàrá ẹ́síréè: irun gbọọrọ, lókè àyà, lápá ọ̀tún, ó ń wo òun.

Ìròyìn ọ̀hún kò tíì sọdá títì tí wọ́n fi di irun náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n ti fi òróró pa á. Kó tó dé òpin àdúgbò, irun inú ẹ̀dọ̀fóró ti hewú díẹ̀ níwájú, ó sì ti ń wá òòyà. Bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ búra pé nígbà èwe òun, òun mọ obìnrin kan tó hu irùngbọ̀n sí kíndìnrín. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ta ló wọ inú obìnrin náà lọ bá a fá a. Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ní àdúgbò yẹn, ìròyìn ló ń kọ́ àfojúbà ní ohun tó yẹ kó rí.

Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fọwọ́ pa àyà, bóyá nǹkan kan máa gún un lọ́wọ́ níbẹ̀.

Alásè ni Ìyá Oníṣíbí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọjú sí ilé-ìwòsàn. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí ṣíbí onígi rẹ̀, tó gùn débi pé bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀, àwọn oníná ì bá ta wáyà sí i. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìdí ìkòkò yẹn ló ti tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí dàgbà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dé ikùn: ó mọ èyí tí kì í jẹ àlùbọ́sà, ó mọ èyí tó ń ki ẹran bọ àpò fún àbúrò rẹ̀, ó sì mọ èyí tí kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Tó bá ti kan irú àwọn wọ̀nyí, ṣíbí rẹ̀ máa ń ṣìnà díẹ̀ nínú abọ́ wọn. Bí olùkọ́ bá ní ti ọmọ yìí pọ̀ jù, á ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ àgbà ń gbọ̀n ni." Ọwọ́ ọ̀hún kì í gbọ̀n bó bá ń bu ti olùkọ́.

Ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ ni pé bí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, alásè gbọ́dọ̀ lọ ya fọ́tò àyà ní ilé-ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò ní ikọ́ tó lè ran ọmọ. Ìlànà tó dára ni. Ìyá Oníṣíbí kì í jiyàn sí i. Ọdọọdún ló ń lọ, ọdọọdún ni wọ́n ń ní ó mọ́.

Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò níbẹ̀, Má-Mí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ohun tó ń jágbe rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn: "Ẹ fà á símú! Má mí!" Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ pàápàá máa ń dá èémí dúró bó bá ti ń ṣílẹ̀kùn wọlé. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, ó sì ń rùn bí ọtí kíkan. Gílóòbù pupa orí ilẹ̀kùn, tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún ará ìta, ti jó tipẹ́, nítorí náà bàtà ni Má-Mí ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà: bí bàtà bá wà níta, má wọlé. Aláìsàn kan ti wọ bàtà yẹn lọ sílé rí.

Ó yẹ kí àwọn obìnrin fi fìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kó irun wọn sókè kí wọ́n tó dúró síwájú ẹ̀rọ. Ilé-ìwòsàn ra fìlà ọ̀hún, odidi páálí kan. Mátírọ̀nù kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn aláìsàn má baà kó o lọ sílé, ó tì í pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí báàgì, ó sì lọ sinmi. Nígbà tó fi padà dé, ó ti gbàgbé pé òun ti nǹkan kan pa. Láti ìgbà náà, kò sí ohun kan nínú ilé-ìwòsàn yẹn, àti ènìyàn àti òògùn, tó ní ààbò tó fìlà wọ̀nyẹn.

"Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ẹ bọ́ ohunkóhun tó bá ń dán," Má-Mí wí lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

"Ṣé kí n bọ́ eyín náà? Ọ̀kan ń dán díẹ̀."

"Ìyá, àyà ni mo fẹ́ yà, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ tú gèlè yẹn."

Ó tú u. Irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì fún un ní wẹ́wẹ́ já wálẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Èrò pọ̀ níta, ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn. Má-Mí ti èjìká rẹ̀ mọ́ pátákó irin tó tutù bí omi àmù, ó sá lọ sẹ́yìn ògiri rẹ̀, ó jágbe, ó tẹ nǹkan, ó parí.

Dókítà tó ń ka fọ́tò ti kúrò ní ilé-ìwòsàn náà tipẹ́. Nítorí náà, Má-Mí a máa fi fóònù ya fọ́tò lára fọ́tò, a fi ránṣẹ́ sí dókítà àgbà, dókítà àgbà a sì kà á níbikíbi tó bá bá a: nínú ìpàdé, nínú mọ́tò, nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí ti Ìyá Oníṣíbí wọlé, orí àga onígbàjámọ̀ ló wà. Wọ́n ń fá ìpàkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó na fóònù jìnnà sójú, ó di ojú kan, ó rí òjìji gbọọrọ lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Ó fèsì pé ikọ́ ife ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òògùn. Onígbàjámọ̀ ní kó tẹ orí ba.

Nọ́ọ̀sì ní kí Ìyá tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wú títí, itọ́ lásán ló jáde.

"Ẹ tún un wú, Ìyá. Ẹ wú u láti ìsàlẹ̀."

"Ọmọ mi, níbo ni kí n ti wú u wá? Bí mo bá ní ikọ́, ṣé màá tún máa yá a ni?"

Nọ́ọ̀sì gba ike, ó wò ó, ó ní èròjà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kúkú ti tán. Fọ́tò ti sọ̀rọ̀, fọ́tò kì í sì í parọ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ má rò pé mo lé yín o. Mi ò lé yín. Mo kàn ní kí ẹ má wá mọ́ ni."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí dókítà fúnra rẹ̀ bá sọ fún mi pé ẹ ti mọ́."

"Ṣé mo dọ̀tí ni?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ tábìlì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kó ìkòkò rẹ̀ sójú oòrùn, wọ́n da omi gbígbóná sí i. Ní ti ṣíbí, wọ́n sun ún lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ọmọ tò sójú fèrèsé, wọ́n ń wò ó bó ti ń jó. Òun náà dúró ní òdìkejì títì, ó ń wò ó. Igi tó ti mu epo láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni, ó jó pẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ wá bá a. Ká ní ikọ́ ife nìkan ni, ayé ì bá bẹ̀rù rẹ̀, wọn ì bá sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife tó tún hu irun! Ẹni tó bá bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì á dìde fùú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé omi kaná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ, wá ń kí i láti ojú fèrèsé. Onídìrí àdúgbò, tí wọ́n ti jọ ń ṣe láti ọdún gbọọrọ, ń di irun ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tó rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ìyá, ọwọ́ ń ro mí."

"Orí ta wá ni ọwọ́ rẹ wà yẹn?"

"Orí tiyín ni yóò jẹ́ kó ro mí, Ìyá."

Ó délé, ó gbé àlùmọ́gàjí, ó gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní irun rẹ̀ ti wọ inú lọ, kí ló tún kù tó fẹ́ fi tòde ṣe?

Ó lo òògùn. Òògùn ọ̀hún kún àtẹ́lẹwọ́, ojú nọ́ọ̀sì ló sì ti gbọ́dọ̀ gbé e mì, kó yanu, kó gbé ahọ́n sókè bí ọmọ tó jí ṣúgà jẹ. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀, gbogbo oríkèé ń ro ó. Kò ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wò ó sàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyàwó aṣọ́géètì ilé-ẹ̀kọ́ wá dúró síwájú ilé rẹ̀, ó ti gbàgbé ọ̀wọ̀ sílé kó tó wá.

"Ọmọ mi ń wúkọ́! Ìwọ ìyá yìí! Abọ́ tiẹ̀ lo máa ń bù kún jù! O pè é ní ìfẹ́, ikọ́ lò ń bù fún un!"

Ìyá Oníṣíbí, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ìdáná lọ, yíjú padà wọnú ilé. Òótọ́ ni, abọ́ ọmọ yẹn ló máa ń kún jù. Ó tilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ebi ni òun bá jà lára ọmọ yẹn. Ṣé òun lé ebi jáde tán, òun wá fi ikọ́ dí ojú rẹ̀ ni? Ṣáájú ìgbà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá padà. Láti ìgbà yẹn, ohun tó ń wá lójú oorun àti lójú ayé ni ẹnìkan tí yóò sọ fún un pé kò ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìlà ló wà. Gbogbo òbí ló ń wọ́ ọmọ lọ sí yàrá Má-Mí lọ ya fọ́tò àyà, ìlà gùn dé títì, ó yí ká géètì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdí ara rẹ̀ pàdé. Má-Mí ń jágbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Ilé-ìwòsàn kò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí.

Òògùn parí, wọ́n ní kó lọ tún fọ́tò yà. Orí gígé kanlẹ̀ ló gbé dúró síwájú ẹ̀rọ. Má-Mí gbé fọ́tò tuntun kọ́ sójú àpótí iná, ó gbé ti àtijọ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tuntun mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Má-Mí sún mọ́ ti àtijọ́, ó tún sún mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó yíjú sí Ìyá.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí mo ya èyí, irun yín ńkọ́?"

"Ó wà lórí mi. Níbo ni ìbá tún wà?"

"Ṣé ó já sílẹ̀ sí èjìká?"

"Ìwọ lo ní kí n tú gèlè."

Ó fi ìka tọ òjìji náà. Láti ọrùn ló ti sọ̀ kalẹ̀, ó gba orí egungun èjìká kọjá bọ́ sórí àyà. Ó ní ojú ìdì, ọ̀kan lórí ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn hun okùn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni nǹkan róbótó kékeré kan wà, rọ́bà tí onídìrí fi so ìdí rẹ̀.

"Àṣé agbálẹ̀ ò parọ́," Ìyá Oníṣíbí wí.

"Ó pa ìdajì. Irun ni lóòótọ́. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni kò sí, orí èjìká yín ló wà."

"Ìwọ ò rí i nígbà náà?"

"Èrò pọ̀, Ìyá."

Ìyá Oníṣíbí kó fọ́tò méjèèjì. 

Ó wọ́ Má-Mí lápá aṣọ dé ọ́fíìsì dókítà àgbà. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé fọ́tò méjèèjì sójú iná.

"Má-Mí, tẹ́lẹ̀, òjìji wà àbí kò sí?"

"Ó wà, ọ̀gá."

"A fún Ìyá lóògùn àbí a ò fún wọn?"

"Ẹ fún wọn, ọ̀gá."

"Òjìji ọ̀hún dà báyìí?"

"Kò sí mọ́, ọ̀gá."

"Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

Má-Mí wo ilẹ̀. "Ìwòsàn ni, ọ̀gá."

"Dókítà," Ìyá Oníṣíbí wí, "àlùmọ́gàjí ni mo fi gé irun mi. Bó bá jẹ́ ìwòsàn ni, ẹ sọ fún ayé pé àlùmọ́gàjí ló wò mí sàn."

Dókítà kò bínú. Ẹni tí ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ lọ́nà fún kì í bínú. Àjọ kan láti òkè òkun ti fún ilé-ìwòsàn ní ẹ̀rọ ẹ́síréè mìíràn, ayẹyẹ ìgbàlejò rẹ̀ ti sún mọ́lé, wọ́n sì ń wá ẹni tí ẹ̀rọ àtijọ́ ti gbà là. Ó ní kí Ìyá wá jókòó síwájú, kó dìde, kó sọ pé òun dúpẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò wà níbẹ̀. Òun fúnra òun yóò sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé ara Ìyá ti yá, kó dá wọn padà sídìí ìkòkò wọn.

"Irọ́ kọ́, Ìyá. Àlàyé ni."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó gbà. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọlé, ó sì jókòó.

"Màámi, ẹ gbà pé ẹ ṣàìsàn, kí ẹ rí iṣẹ́ yín padà. Àìsàn tó ti lọ, kí ló tún lè fini ṣe?"

"Mi ò ṣàìsàn."

"Èmi náà mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń kí mi láti ojú fèrèsé?"

 Ilé ti ń gbẹ, ìṣasùn ti ń gbẹ. Ebi kì í jẹ́ kí àgbà jiyàn títí. Ó gbà.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ tuntun lójú bí ìyàwó. Wọ́n ti tẹ ojú Ìyá Oníṣíbí sára aṣọ fífẹ̀ kan tó ga ju òrùlé lọ, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé A GBÀ Á LỌ́WỌ́ IKÚ. Ihò imú rẹ̀ nìkan, ológbò lè sùn sínú rẹ̀. Dókítà àgbà gba máìkù. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ìyá Oníṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lákọ̀tun: ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e wá, ẹ̀jẹ̀ ló ń wú, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀. Òun tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá títì wá ya fọ́tò! Ó ń tẹ́tí gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìbátan tó jìnnà. "Mo dúpẹ́" ti wà létè rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jókòó sápá òsì, ó ń mi orí sí i, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Kì í ṣe Ìyá nìkan," dókítà wí. "Àìsàn yẹn ti ran ọmọ kékeré kan kó tó di pé a rí i. Ṣùgbọ́n fọ́tò wa tú u fó, ọmọ náà ti ń lo òògùn báyìí!"

Ó nawọ́. Ìyàwó aṣọ́géètì dìde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Irun rẹ̀ wà ní dídì wẹ́wẹ́, ó gùn, ó já sílẹ̀ sójú èjìká méjèèjì, rọ́bà pupa sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo dúpẹ́" gbẹ létè Ìyá Oníṣíbí. Ó dìde, ó lọ bá obìnrin náà.

"Jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ṣé wọ́n kó irun rẹ̀ sókè?"

"Irun?" Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. "Ta ló sọ̀rọ̀ irun? Ikọ́ la bá lọ."

Ìyá wá ojú Má-Mí láàárín èrò. Má-Mí ń tún aṣọ funfun orí ẹ̀rọ ṣe, aṣọ tí kò wọ́. Ìyá yíjú padà, ó nawọ́ sí dókítà. Dókítà rò pé ọpẹ́ fẹ́ já lẹ́nu rẹ̀, ó gbé máìkù fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni ẹni tí wọ́n ń sọ. Wọn ò fi ẹ̀yìn gbé mi wá, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn. Mi ò wú ẹ̀jẹ̀. Mi ò wú nǹkan kan. Irun orí mi ni wọ́n yà mọ́ àyà mi, irun ọ̀hún ni wọ́n sì fún lóògùn."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọmọ yìí. Wọn ò kó irun tiẹ̀ náà sókè. Bóyá ó ṣàìsàn, bóyá kò ṣàìsàn, èmi ò mọ̀, mi ò kàwé. Ẹ kó irun rẹ̀ sókè, kí ẹ tún un yà lónìí, kó tó gbé òògùn mìíràn mì."

Ẹnìkan fa wáyà yọ. Máìkù kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi ọ̀fun lásán pe odidi ilé-ẹ̀kọ́ wá jẹun kò nílò máìkù. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kó báàgì rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n wò sàn ṣeé gbà padà. Ẹni tó dójú ti ilé-ìwòsàn níwájú àlejò, ta ni yóò gbà á? Ìyá Oníṣíbí rí i, ó mọ̀ pé ìdí ìkòkò ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Ó yíjú sí i.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná, ó ku tiyín. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n padà, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́. Ẹ sọ pé ẹnu mi pọ̀, òótọ́ ni, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé mo ṣàìsàn. Mi ò bu ikọ́ sínú abọ́ ọmọ kankan rí. Oúnjẹ ni mo bù."